Fóònù Òṣìṣẹ́, Ojú Ọ̀gá: Kí Ni Owó Oṣù Rà Gan-an?

Kò di dandan mọ́ kí ọ̀gá dúró sẹ́yìn àga òṣìṣẹ́ kó tó mọ ohun tó ń ṣe. Bó bá ju iṣẹ́ sínú gúrúùpù WhatsApp ọ́fíìsì ní aago mẹ́wàá alẹ́, tó wá tẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀ díẹ̀, orúkọ àwọn tó ti kà á yóò tò síwájú rẹ̀, pẹ̀lú aago tí kálukú kà á. Ẹni tó ti pa àmì búlúù lórí fóònù tirẹ̀ pàápàá kò bọ́, nítorí pípa náà kò kan gúrúùpù. Status ńkọ́? Ẹni tó ní ara òun kò yá lọ́jọ́ Ẹtì, tí àwòrán rẹ̀ nínú aṣọ ẹbí wá yọ lórí status lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kọ ìwé ẹ̀sùn.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ kò le láti bi, ìdáhùn rẹ̀ ló pọ̀: ibo ló yẹ kí ojú agbanisíṣẹ́ dé nínú ohun tí òṣìṣẹ́ ń sọ, tó ń kọ, tó sì ń wò lórí ayélujára? Àwọn kan ní kó dé ibi gbogbo tí irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bá dé. Àwọn kan ní kò gbọdọ̀ kọjá géètì ọ́fíìsì. Àwọn mìíràn ní kó máa wò, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ sọ. Abẹ́ gbogbo wọn ni ìbéèrè kan náà wà: owó oṣù tí wọ́n ń san yẹn, kí ló rà? Ṣé ọwọ́ ni, àbí wákàtí, àbí odindi ènìyàn?

Ẹni tó ni irinṣẹ́ ló ni àyẹ̀wò

Èyí ló pẹ́ jù nínú wọn. Nígbà tí Frederick Winslow Taylor tẹ ìwé rẹ̀ lórí ètò iṣẹ́ jáde ní Amẹ́ríkà ní 1911, aago tí wọ́n fi ń ka eré ìje ni wọ́n ń gbé ti òṣìṣẹ́ nídìí iṣẹ́. Àkókò tí ilé-iṣẹ́ bá ti sanwó fún, ilé-iṣẹ́ ló ni ín. Kọ̀ǹpútà dé, èrò náà kò yí padà, ó kàn bọ́ sórí ẹ̀rọ ni: ẹni tó ra kọ̀ǹpútà, tó sì ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì, ló lẹ́tọ̀ọ́ láti mọ ohun tó ń gba inú wọn kọjá.

Òfin Amẹ́ríkà ti 1986, tó ka títẹ́tí sí ọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ léèwọ̀, fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó pèsè ẹ̀rọ náà, àti fún ibi tí ọ̀kan nínú àwọn tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ bá ti gbà. Ní 2010, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ọlọ́pàá kan ní ìlú Ontario ní California, ẹni tí ìjọba ìlú fún ní ẹ̀rọ péjà. Wọ́n tú àwọn ọ̀rọ̀ tó fi ránṣẹ́ wò, wọ́n sì rí i pé èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò kan iṣẹ́. Gbogbo àwọn adájọ́ fẹnu kò pé àyẹ̀wò náà kò rú òfin. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ yẹra fún ìbéèrè ńlá náà, pé ṣé òṣìṣẹ́ ní àṣírí kankan lórí ẹ̀rọ ọ̀gá. Wọ́n ní bí àwọn ènìyàn ṣe ń lo ẹ̀rọ ṣì ń yí padà, kò yẹ kí àwọn sáré dá a.

Èrò yìí ní ohun tó dáa nínú. Ó ṣe kedere, kò sì ṣòro láti tẹ̀ lé. Ilé ìfowópamọ́ tí ẹnì kan lè fi íméèlì kan ṣoṣo gbé orúkọ àti nọ́ńbà àpò owó àwọn oníbàárà jáde kò lè dijú. Bí fáírọ́ọ̀sì bá gba orí kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ wọlé, ilé-iṣẹ́ ni yóò dáhùn.

Níbi tó ti kọsẹ̀ ni Èkó, Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta. Lọ́dọ̀ tiwa, fóònù òṣìṣẹ́ gan-an ni ọ́fíìsì. Òun ló ra fóònù, òun ló ń ra dátà, òun ló ń wá iná tí yóò fi chájì rẹ̀. Orí fóònù yìí kan náà ni wọ́n wá gbé gúrúùpù ẹ̀ka, gúrúùpù ọ̀gá àgbà àti gúrúùpù oníbàárà kà. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ni irinṣẹ́ ló ni àyẹ̀wò, òṣìṣẹ́ ló yẹ kó máa yẹ ọ̀gá wò! Àwọn ilé-iṣẹ́ kan tilẹ̀ ń ní kí òṣìṣẹ́ gba áàpù àbò sórí fóònù tirẹ̀, irú èyí tó lè pa gbogbo ohun tó wà lórí fóònù náà rẹ́ lọ́jọ́ tó bá kúrò níṣẹ́, pẹ̀lú àwòrán ìkómọ ọmọ rẹ̀. N kò tíì rí ẹni tó gba èrò yìí gbọ́ tó dáhùn ìyẹn bó ṣe yẹ.

Orúkọ ilé-iṣẹ́ kò gbọdọ̀ bàjẹ́

Àwọn oní-èrò kejì kò bìkítà nípa ẹni tó ni fóònù. Ohun tó jẹ wọ́n lógún ni ohun tó jáde lórí rẹ̀. Ẹyin lohùn, wọ́n ní. Bó bá ti balẹ̀ lórí Facebook, ẹni tó sọ ọ́ àti ẹni tó gbà á síṣẹ́ ni yóò jọ gbá èèpo rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀gá lẹ́tọ̀ọ́ láti wo ohun tí òṣìṣẹ́ ń kọ, yálà nínú wákàtí iṣẹ́ tàbí lẹ́yìn rẹ̀.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti dán èyí wò jù, àwọn ìdájọ́ wọn kò sì dọ́gba. Ní 2011, òṣìṣẹ́ ilé ìtajà Apple kan sọ̀rọ̀ àlùfàǹṣá nípa iṣẹ́ àti ọjà ilé-iṣẹ́ náà lórí Facebook, níbi tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ti lè rí i. Ọ̀rẹ́ kan gbé e fún ọ̀gá, wọ́n sì lé e. Ìgbìmọ̀ tó gbọ́ ẹjọ́ náà gbè sẹ́yìn ilé-iṣẹ́, nítorí pé òfin ilé-iṣẹ́ ti kìlọ̀ tẹ́lẹ̀, àti pé ohun tó bá ti dé ọwọ́ ọ̀rẹ́ lè dé ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Ní 2012, ó yí padà. Òṣìṣẹ́ kan ní Trafford, lẹ́bàá Manchester, kọ èrò rẹ̀ nípa ìgbéyàwó akọ-sákọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì sórí Facebook, láìbú ẹnikẹ́ni. Wọ́n já a sípò ìsàlẹ̀, owó oṣù rẹ̀ sì wálẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga ní wọ́n rú àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀; àmọ́ owó ìtanràn tí òfin àdéhùn fàyè gbà kò tó 100 pọ́n-ùn, adájọ́ fúnra rẹ̀ kò sì fi pamọ́ pé kò tẹ́ òun lọ́rùn. Ní oṣù kejì 2025, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn níbẹ̀ tún sọ nínú ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ilé-ìwé kan pé lílé ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ nítorí ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ tó gbé sórí Facebook kọjá àlà.

Ní Nàìjíríà, òṣìṣẹ́ ìjọba ló mọ èrò yìí jù. Òfin tó de àṣírí ìjọba ti wà láti 1962, ìlànà iṣẹ́ ìjọba sì ti pẹ́ tó ń ní kí òṣìṣẹ́ gba àṣẹ kó tó bá oníròyìn sọ̀rọ̀. Abala 39 ìwé òfin 1999 sì wà níbẹ̀ tó ń sọ pé gbogbo ènìyàn ló lómìnira láti sọ èrò ọkàn rẹ̀. Àwọn méjèèjì jọ ń gbé inú ilé kan náà bí orogún.

Ibi tí èrò yìí ti lágbára ni pé ìpalára orúkọ kì í ṣe àròsọ. Àìlera rẹ̀ ni pé "orúkọ ilé-iṣẹ́" ń fà bíi rọ́bà. Lónìí, ó lè jẹ́ èébú sí oníbàárà. Lọ́la, kí òṣìṣẹ́ kàn sọ pé wọn kò tíì san owó oṣù ti di ìbanilórúkọjẹ́. Nígbà tí òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015 sì dé, abala 24 rẹ̀ fẹ̀ débi pé ọ̀rọ̀ tó bí ẹnì kan nínú lásán lè gbé ẹni tó kọ ọ́ dé àgọ́ ọlọ́pàá. Ilé ẹjọ́ ECOWAS pàṣẹ ní 2022 kí wọ́n tún un ṣe. Ní 2024, wọ́n dín fífẹ̀ rẹ̀ kù.

Ẹ̀tọ́ tí a kì í bọ́ sílẹ̀ ní géètì

Èrò kẹta kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ rárá. Ó ní ènìyàn kì í bọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ kọ́ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹní bọ́ bàtà kó tó wọlé síṣẹ́. Apá tó pọ̀ nínú ọjọ́ ayé wa, ibi iṣẹ́ la ti ń lò ó. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ pé ìyá wà nílé ìwòsàn, ibẹ̀ la ti ń bá àfẹ́sọ́nà jà, tí a sì ń parí ìjà.

Ẹjọ́ tí gbogbo ayé ń tọ́ka sí wá láti Romania. Ilé-iṣẹ́ kan ní Bucharest ní kí òṣìṣẹ́ wọn kan ṣí Yahoo Messenger láti máa fi dá oníbàárà lóhùn. Ní oṣù keje 2007, láti ọjọ́ karùn-ún dé ọjọ́ kẹtàlá, wọ́n ń ka ohun tó ń kọ níbẹ̀. Wọ́n pè é, ó ní iṣẹ́ nìkan lòun ń fi í ṣe. Wọ́n wá gbé ìwé ojú ewé 45 síwájú rẹ̀: ọ̀rọ̀ òun àti arákùnrin rẹ̀, ọ̀rọ̀ òun àti àfẹ́sọ́nà rẹ̀, títí kan ọ̀rọ̀ ìlera àti ti iyàrá. Wọ́n lé e. Ní 2016, ìgbìmọ̀ adájọ́ kan nílé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù ní Strasbourg sọ pé ilé-iṣẹ́ kò ṣe ohun tó burú. Ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹsàn-án 2017, ìgbìmọ̀ ńlá ilé ẹjọ́ kan náà yí i padà, adájọ́ 11 sí 6. Ọdún mẹ́wàá gbáko nítorí ọjọ́ mẹ́sàn-án tí wọ́n fi yọjú wo ọ̀rọ̀ ènìyàn.

Ohun tó mú ìdájọ́ náà wúlò ni pé kò kàn sọ "bẹ́ẹ̀ ni" tàbí "bẹ́ẹ̀ kọ́". Ó to àwọn ìbéèrè tí adájọ́ gbọdọ̀ bi sílẹ̀. Ṣé wọ́n sọ fún òṣìṣẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò? Báwo ni wọ́n ṣe wò ó jìnnà tó: ṣé pé ó ń kọ nǹkan ni wọ́n rí, àbí wọ́n ka ohun tó kọ gan-an? Ìdí wo ló gbé wọn dé ibẹ̀? Ṣé kò sí ọ̀nà tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ? Kí ni wọ́n fi ohun tí wọ́n rí ṣe? Ilẹ̀ Faransé ti sọ ohun tó jọ èyí ní 2001 nínú ẹjọ́ Nikon, níbi tí ilé ẹjọ́ wọn tó ga jù ti ní òṣìṣẹ́ ní àṣírí kódà nínú wákàtí iṣẹ́, kódà lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ yìí kì í ṣe odi tí kò ní ilẹ̀kùn. Ní 2019, ilé ẹjọ́ Strasbourg yìí kan náà gbọ́ ẹjọ́ ilé ìtajà kan ní Spain tó gbé kámẹ́rà pamọ́ nítorí ọjà tó ń sọnù. Kámẹ́rà náà ká àwọn òṣìṣẹ́ mọ́ ibi tí wọ́n ti ń jí ọjà. Ìgbìmọ̀ ńlá ní ilé ìtajà náà kò jẹ̀bi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ tẹ́lẹ̀ nípa kámẹ́rà tó pamọ́ náà. Ìfura olè tó nídìí borí àìsọ tẹ́lẹ̀.

Abala 37 ìwé òfin Nàìjíríà dúró ti èrò kẹta yìí. Ó dáàbò bo àṣírí ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀, ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù rẹ̀ àti wáyà tó bá tẹ̀ ránṣẹ́. Wáyà! Ẹni tí a bí ní 1999 kò rí wáyà rí. Abala 45 sì yọ̀ǹda pé òfin tó bá mọ́gbọ́n dání lè dín ẹ̀tọ́ náà kù. Àìlera rẹ̀ fún òṣìṣẹ́ lásán ni pé ilé ẹjọ́ ló ń fún un ní eyín, ilé ẹjọ́ sì ń gba owó àti ọdún.

Kí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí i

Òfin dátà ló gbé èrò kẹrin dìde. Kò ka wíwò léèwọ̀. Ó ní ìdí gbọdọ̀ wà, kí ó sì hàn sí gbogbo ojú. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìlànà tí NITDA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìmọ̀ ẹ̀rọ, gbé jáde ní 2019. Ní oṣù kẹfà 2023, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin ìdáàbòbò dátà, tó dá àjọ tirẹ̀ sílẹ̀. Lábẹ́ abala 25, ìdí mẹ́fà ló lè mú kí ènìyàn kó dátà ẹlòmíràn: kí onítọ̀hún gbà, kí àdéhùn béèrè fún un, kí òfin pa á láṣẹ, kí ẹ̀mí wà nínú ewu, kí ó jẹ́ fún ire ará ìlú, tàbí kí ẹni tó ń kó o ní ìdí tó tọ́ tí kò tẹ ẹ̀tọ́ onídátà mọ́lẹ̀.

Èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ fẹ́ràn jù ni ti àkọ́kọ́. Ẹ wo ọjọ́ àkọ́kọ́ níbi iṣẹ́. Wọ́n kó ìwé jọ síwájú òṣìṣẹ́ tuntun, wọ́n ti fi lẹ́ẹ̀dì sàmì sí ibi tí yóò fọwọ́ sí, ẹni tó kó o wá sì dúró tì í, ó ń wo aago. Láàárín ìwé ìlera àti ìwé owó ìfẹ̀yìntì ni ojú ewé kan wà tó sọ pé ilé-iṣẹ́ lè máa wo ohun tó bá ń ṣe lórí ẹ̀rọ. Ta ni yóò ní òun kò fọwọ́ sí i, nígbà tó fi ọdún méjì wá iṣẹ́ náà? Àwọn aláṣẹ dátà Yúróòpù ti sọ ọ́ ní 2017 pé ìfọwọ́sí òṣìṣẹ́ kì í sábà jẹ́ ìfọwọ́sí gidi, nítorí pé kò lè kọ̀. Mo gbà pẹ̀lú wọn pátápátá. Ìfọwọ́sí ẹni tí kò lè kọ̀, bí ìgbà tí a ń bi ẹran iléyá bóyá ó gbà ni.

Ìsọtẹ́lẹ̀ ló dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ọrùn ẹni tó lágbára ló gbé ẹrù náà kọ́. Láti oṣù karùn-ún 2022, òfin ìpínlẹ̀ New York ti ní kí agbanisíṣẹ́ tó bá ń wo íméèlì, tẹlifóònù tàbí íntánẹ́ẹ̀tì sọ ọ́ fún òṣìṣẹ́ nínú ìwé nígbà tó ń gbà á, kó sì lẹ ìkìlọ̀ náà síbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i. Maryland ti ṣáájú ní 2012, òun ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó sọ pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ béèrè páásíwọ́ọ̀dù Facebook lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tàbí ẹni tó ń wáṣẹ́. Ó lé ní ogún ìpínlẹ̀ tó ti tẹ̀ lé e. Àléébù ìsọtẹ́lẹ̀ ni pé ọ̀gá lè sọ tẹ́lẹ̀ pé òun yóò máa wo ohun gbogbo, kó sì máa wò ó ní tòótọ́. A kì í tìtorí pé olè kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé ká má pè é lólè.

Ohùn kan kọ́, ohùn gbogbo òṣìṣẹ́ ni

Èrò karùn-ún fi ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ó gbé e fún ẹgbẹ́. Òfin òṣìṣẹ́ Amẹ́ríkà ti 1935 dáàbò bo àwọn òṣìṣẹ́ tó bá jọ ń sọ̀rọ̀ nípa owó àti ipò iṣẹ́ wọn. Nílé ọtí kan ní Connecticut, ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí ráhùn lórí Facebook nípa owó orí tí ọ̀gá kò yọ bó ṣe yẹ; alásè kan níbẹ̀ kàn tẹ láìkì sí i, wọ́n lé e. Ní 2015, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní láìkì náà wà lábẹ́ ààbò òfin. Ní Jámánì, ìgbìmọ̀ òṣìṣẹ́ gbọdọ̀ lóhùn sí i kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ tó lè wo ìṣe òṣìṣẹ́ wọlé.

Èrò yìí yanjú ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí ẹrú, nítorí ẹgbẹ́ lè kọ̀ níbi tí ẹnì kan kò ti lè kọ̀. Àmọ́, kò ran ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ irú wọn ló kún ilé ìfowópamọ́ wa, àwọn tí iléeṣẹ́ alágbàṣe gbà wọlé.

Ẹ̀rọ tó ń kà ju ojú lọ

Èyí tó dé kẹ́yìn kì í fi ojú ènìyàn wo nǹkan mọ́. Ẹ̀rọ ló ń ka iye ìgbà tí ọwọ́ kan kọ̀ǹpútà, iye ìṣẹ́jú tí ó fi dákẹ́, àti bí ojú ṣe rí nínú kámẹ́rà. Àrùn Kòrónà tó lé gbogbo ènìyàn wọlé ní 2020 ló jẹ́ kó tàn kálẹ̀.

Àwọn tó gbè é lẹ́yìn ní ohun kan láti sọ tí kò yẹ ká fi ṣeré: ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú. Ọ̀gá lè fojú re wo ẹni tó jẹ́ ará ìlú rẹ̀. Nọ́ńbà kò mọ ará ìlú. Níbi tí ìgbéga ti ń tẹ̀ lé ẹni tó mọ ẹni, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí nọ́ńbà ń kà. Nínú àwọn ilé ìkẹ́rùsí Amazon ní ilẹ̀ Faransé, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan gbé ẹ̀rọ tó fi ń ka ẹrù lọ́wọ́. Nígbà tí àjọ dátà ibẹ̀ yẹ wọ́n wò, bó bá ka ẹrù kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 1.25 lẹ́yìn òmíràn, ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yá jù, ó lè ṣàṣìṣe. Bó bá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ̀rọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ṣiṣẹ́. Ìdúró tí kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá náà ní àyè tirẹ̀ nínú àkọsílẹ̀. Àjọ dátà Faransé bu ìtanràn mílíọ̀nù 32 yúrò lé ilé-iṣẹ́ náà ní ìparí 2023, nítorí pé òṣìṣẹ́ wá di ẹni tó gbọdọ̀ lè ṣàlàyé gbogbo ìdúró ráńpẹ́. Ní Jámánì, ní 2020, mílíọ̀nù 35.3 yúrò ni ti H&M. Kì í ṣe ẹ̀rọ ló ṣe é níbẹ̀: àwọn ọ̀gá ní Nuremberg ń bá òṣìṣẹ́ tó ti ìsinmi tàbí àìsàn dé sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́, wọ́n sì ń lọ kọ ọ̀rọ̀ àìsàn, ti ìdílé àti ti ẹ̀sìn rẹ̀ sílẹ̀. Àṣìṣe ẹ̀rọ ló tú wọn fó, nígbà tí àkọsílẹ̀ náà ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ilé-iṣẹ́ fún wákàtí díẹ̀ ní 2019. Nínú gbogbo àwọn ẹjọ́ tí mo ti tò sílẹ̀, ti Nuremberg yìí ló kọ́ mi lóminú jù, nítorí pé "ẹ kú àbọ̀" ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ náà sì ń bí ẹ̀tàn. Ní 2024, ilé ìfowópamọ́ Wells Fargo ní Amẹ́ríkà lé àwọn òṣìṣẹ́ kan tó lé ní méjìlá nítorí pé wọ́n ń dọ́gbọ́n kí kọ̀ǹpútà lè dà bíi pé ọwọ́ wọn wà lórí rẹ̀. Yúróòpù ti lọ jìnnà jù: láti oṣù kejì 2025, òfin wọn ka ẹ̀rọ tó ń wo ojú òṣìṣẹ́ láti mọ bí inú rẹ̀ ṣe rí léèwọ̀, àyàfi fún ìlera tàbí ààbò.

Ohun tí kò tíì yanjú

Àkọ́kọ́ ni ta ni òfin pè ní òṣìṣẹ́. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà yọ àwọn tó wà nípò àkóso àti àwọn oníṣẹ́ ìmọ̀ kúrò nínú ìtumọ̀ òṣìṣẹ́, bẹ́ẹ̀ àwọn gan-an ni kọ̀ǹpútà àti gúrúùpù kì í fi lọ́rùn sílẹ̀. Òfin dátà 2023 mú gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ dátà ló ń sọ, kò sọ̀rọ̀ ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́.

Èkejì ni àlà. Ọmọ Ìbàdàn tó jókòó sílé, tó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ní London, tí kámẹ́rà rẹ̀ ń ya ìyàwó àti ọmọ tó ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, òfin ibo ló dáàbò bò ó, ta ló sì béèrè lọ́wọ́ ọmọ yẹn?

Ẹ̀kẹta wà lọ́wọ́ àwọn adájọ́. Àtúnṣe ìwé òfin tí wọ́n ṣe ní 2010 fún ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ aáwọ̀ òṣìṣẹ́ lágbára láti fi àṣà iṣẹ́ tó dára jù lọ lágbàáyé ṣe ìdájọ́. Èwo ni ó dára jù? Ti Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó ni ẹ̀rọ, ni, àbí ti Strasbourg, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n ń wò? Àwọn méjèèjì kò lè jọ wọ ṣòkòtò kan náà.

Status tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ènìyàn gbé e sókè fún àwọn tí nọ́ńbà wọn wà nínú fóònù rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ wà lára wọn, nítorí pé ọ́fíìsì ló ní kó fi nọ́ńbà ọ̀gá pamọ́. Lẹ́yìn wákàtí 24, àwòrán náà á pòórá, àyàfi bí ẹnì kan bá ti yà á. Àwọn aláṣẹ Yúróòpù ní pé ohun kan wà níta kò sọ ọ́ di ohun tí agbanisíṣẹ́ lè kó. Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 2011 ní ohun tó bá ti dé ọwọ́ ọ̀rẹ́ ti jáde sí ìta. Status yìí ńkọ́: inú ilé ló wà ni, àbí ìta?